Ọwọ́ Tó Hun Aṣọ Àyìnkẹ́

Ọjọ́ tí Ràmọ́nì kọ́kọ́ fojú kan Àyìnkẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló ti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn láti wá kọ́ṣẹ́ òfì lọ́dọ̀ Bàbá Ládòkun. Kò tíì sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀ tó ti ń fọ́nnu. Ó ní òun mọ aṣọ hun tẹ́lẹ̀, òun kàn wá fi díẹ̀ kún un ni. Ó ní ní Ṣakí, bí òun bá jókòó sórí òfì lẹ́yìn ìrun àárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n á ti rán aṣọ náà, ìyàwó á ti wọ̀ ọ́ lọ sílé ọkọ, ìyàwó náà á sì ti lóyún.

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan já bọ́ lórí òfì. Ọmọbìnrin kan tó ń ká òwú lábẹ́ igi ò rẹ́rìn-ín. Àyìnkẹ́ ni, ọmọ Bàbá Ládòkun. Ó ju òwú kan tó ti lọ́ mọ́ra wọn sí Ràmọ́nì lẹ́sẹ̀.

"Ẹ bá wa tú u, ahunṣọ Ṣakí," ló wí.

Òwú ọ̀hún, ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rò látayé bàbá ńlá ẹni ò lọ́ tó o. Ràmọ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láàárọ̀, wọ́n kírun ọ̀sán bá a níbẹ̀, wọ́n kírun Alásárì bá a níbẹ̀. Nígbà tó tú u tán, Àyìnkẹ́ gbà á, ó wò ó, ó ní ó ṣe díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀rín yẹn wọ Ràmọ́nì lára bí otútù ọyẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún fẹ́ padà sí Ṣakí mọ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Ìyẹn ni Ràmọ́nì jókòó tó ń rò ní pápákọ̀ òfurufú ìlú Róòmù, lọ́dún tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá. Ó ti Jámánì bọ̀, ó ń retí ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé e lọ sí Èkó. Wọ́n sọ pé kó jókòó dúró fún wákàtí mẹ́sàn-án.

Pápákọ̀ náà tóbi. Èèyàn lè kó gbogbo Ìṣẹ́yìn síbẹ̀, kó kó Òkèehò tì í, kí àyè ṣì kù fún àwọn Fúlàní àti màlúù wọn. Àga ibẹ̀ tutù débi pé, bí o bá gbé àkàrà gbígbóná lé e, á ti di yìnyín kó o tó ṣe bísímílà. Kọfí tí wọ́n bù fún un korò ju àgbo dógóyárò lọ. Ràmọ́nì mu ún tán, torí pé ó ti sanwó ẹ̀.

Ìwé méjì ló wà lápò ẹ̀. Ọ̀kan ni ìwé ọkọ̀ òfurufú Èkó, alẹ́ ló máa gbéra. Èkejì ni ìwé tí òyìnbó obìnrin tó mú un lọ sí Jámánì fún un. Ó ní tó bá dé Róòmù tí ọkàn ẹ̀ ò bá fẹ́ ilé, kó fi ìwé yẹn han àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, wọ́n á dá a padà, á sì bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan sí i. Aago mẹ́ta ti lù, Ràmọ́nì ò sì tíì mọ èyí tó máa mú.

Ẹnu ẹ̀ ló kó o bá a. Màdáàmù yẹn wá sí Ìṣẹ́yìn, ó ń wá ahunṣọ kan tó máa lọ hun aṣọ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Jámánì fún oṣù mẹ́ta, kí àwọn òyìnbó máa wò ó. Ó béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Àádọ́ta ahunṣọ ló jókòó, kò sẹ́ni tó dáhùn, torí àgbà kì í fira ẹ̀ polówó. Ràmọ́nì ló dìde. Ó ní òun lè dijú hun aṣọ. Ó ní ìgbà kan wà tí oorun gbé òun lọ lórí òfì, nígbà tí òun jí, òun ti hun ìborùn méjì. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún Màdáàmù, ó sì gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n aṣọ kan wà tó dá dúró ní Ìṣẹ́yìn.

Nínú agbo ilé Ládòkun, bí ahunṣọ bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé náà, òun fúnra ẹ̀ ló máa hun aṣọ ìyàwó, awẹ́ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n máa rán pọ̀, lójúde bàbá ìyàwó, níbi tí gbogbo ẹbí á ti máa rí i. Ọwọ́ ọkùnrin mìíràn ò gbọdọ̀ kàn án. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá parí ẹ̀, ẹni tó parí ẹ̀ ni wọ́n máa fi ọmọ fún. Wọ́n ti fi ọmọ fún ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti bí ọmọ méje síbẹ̀.

Bàbá Ládòkun ti dájọ́: kí aṣọ náà pé kí wọ́n tó róṣù ààwẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí yìgì. Ràmọ́nì ti hun awẹ́ mẹ́sàn-án. Àlàárì pupa ni, ó fi òwú funfun ṣe ọnà sí i bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé lórí iyẹ̀pẹ̀, ọnà tí kò sẹ́ni tó hun ún rí. Ó ku méje. Ó ṣírò ẹ̀, ó ní tí òun bá dé, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó òun.

Ìyá ẹ̀ ní Ṣakí ránṣẹ́ pé kó má lọ. Ó ní ọkùnrin kì í fi aṣọ ìyàwó sórí òfì kó wá lọ máa hun aṣọ fún òyìnbó wò. Ràmọ́nì ò gbọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Àyìnkẹ́ sìn ín dé gáréèjì. Kò sunkún, kò sì dì mọ́ ọn, torí èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ó kàn bá a tún ọrùn dàńṣíkí ẹ̀ ṣe.

"Ràmọ́nì mi," ló wí, "iṣẹ́ ẹ ò bà mí lẹ́rù. Ẹnu ẹ ni. Má jẹ́ kó dá ẹ dúró síbẹ̀."

Ẹnu náà ló dá a dúró. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Màdáàmù bi í bóyá ó lè hun aṣọ sí fèrèsé kan nílé òun. Ràmọ́nì ní kí ló dé tó máa jẹ́ fèrèsé kan, òun á hun ti gbogbo ilé. Kò tíì débẹ̀ rí tó fi sọ ọ́. Ilé náà ní fèrèsé bí afárá oyin. Odindi oṣù kan ló tún fi hun ún, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́nu, kò lè kó o jẹ mọ́.

Ibẹ̀ ló wà tí àwọn kan fi ti Ìṣẹ́yìn fi aṣọ ránṣẹ́ sí Màdáàmù. Wọ́n ká awẹ́ aṣọ kan sáàárín ẹrù, ẹni tó gbé e wá ní ọmọbìnrin kan ló ní kí wọ́n fún Ràmọ́nì. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Àyìnkẹ́ ò mọ̀wé, Ràmọ́nì náà ò mọ̀wé, ta ni wọ́n fẹ́ kó kọ ọ́?

Ràmọ́nì tú u. Àlàárì pupa, ẹsẹ̀ ẹyẹlé funfun. Aṣọ ìyàwó ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ kọ́ ló hun ún.

Ahunṣọ a máa mọ ọwọ́ ahunṣọ bí ẹni mọ ohùn èèyàn lẹ́yìn ilé. Mọ́ládé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, kì í gbá òwú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń gbá a, tí etí aṣọ ẹ̀ á fi le gbagidi bí etí àdá. Bí aṣọ yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó yé Ràmọ́nì: Mọ́ládé ti ń parí aṣọ, Mọ́ládé ló máa fẹ́ Àyìnkẹ́, Àyìnkẹ́ sì fi awẹ́ kan ránṣẹ́ kó lè mọ̀, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rù débi pé aago ọwọ́ ẹ̀ ń gùn lọ sí ìgúnpá. Ìgbà yẹn ni Màdáàmù fún un níwèé kejì.

Ó wá fa awẹ́ aṣọ náà yọ ní Róòmù, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní Mọ́ládé jẹ́ olè, ó ní gbogbo ìran Mọ́ládé náà jẹ́ olè. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ yíjú padà. Àpò bàtà àti báàgì yí i ká bí ọgbà. Àlàájà Àdìjátù lorúkọ ẹ̀, ará Ṣakí ni, ó wá ra ọjà ní Róòmù, Èkó ló ń padà sí.

"Ọmọ mi, ta lò ń bú báyìí?"

Ràmọ́nì kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn òyìnbó, ọlọ́pàá kan sáré wá wò ó bóyá ó dákú ni. Nígbà tó dìde, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún Àlàájà, láti orí òwú tó lọ́ dórí ìwé méjì. Àlàájà fetí sílẹ̀, ó ń jẹ obì. Ó ní kó tó di pé òun bẹ̀rẹ̀ òwò, ọdún mẹ́wàá ni òun fi ká òwú fún àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn. Ó na ọwọ́, ó gba awẹ́ náà. Kò wo ojú ẹ̀ rárá, ẹ̀yìn ẹ̀ ló yí sókè.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọkùnrin ló hun èyí?"

"Àlàájà, ọwọ́ Mọ́ládé ni. Kí ojú mi fọ́, kí wọ́n tún tì mí mọ́nú àjà, mo máa mọ̀ ọ́n."

"Ojú ẹ kúkú ti fọ́. Wá wo kókó yìí. Bí òwú bá já mọ́ ẹ̀yin ọkùnrin lọ́wọ́, abẹ lẹ fi ń gé ìrù kókó. Eyín ni wọ́n fi gé èyí. Àwa tá a ń ká òwú la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ wa méjèèjì kì í dilẹ̀."

Ràmọ́nì ní bóyá àtìgbà tí wọ́n ti ń ká òwú ni kókó ti wà níbẹ̀. Àlàájà bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ahunṣọ. Ló bá gba aṣọ náà, ó sún mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó dáadáa nígbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kókó mẹ́tàdínlógún ló wà nínú awẹ́ kan yẹn. Orí òfì ni òwú ti já, ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń gbá a ni, ẹni tó jókòó sórí òfì nìkan ló sì lè ta kókó síbẹ̀. Òwú mẹ́tàdínlógún kì í já mọ́ Mọ́ládé lọ́wọ́ lọ́dún kan. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ló máa ń já òwú báyẹn. Obìnrin kan ṣoṣo ló sì ń ká òwú lágbo ilé Ládòkun.

Ó jókòó. Ó ní, "Àyìnkẹ́ ló hun ún. Ọ̀dọ̀ Mọ́ládé ló ti kọ́ ọ, ìyẹn ni ọwọ́ ẹ̀ fi jọ ọ́."

Ojú Àlàájà yí padà. Òun náà mọ Ìṣẹ́yìn. Òfì yẹn, ọkùnrin ló ń jókòó sí i. Ó ní ṣé ọmọ náà ò bẹ̀rù bàbá ẹ̀ ni. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí ara Ràmọ́nì tutù ju àga ibẹ̀ lọ.

"Bí ìwọ tó o fẹ́ràn ẹ̀ bá lè wo ojú aṣọ kó o sọ pé ọwọ́ Mọ́ládé ni, kí lo rò pé bàbá ẹ̀ máa sọ?"

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n máa wá oṣù ààwẹ̀. Kọfí kan dà sórí tábìlì níwájú wọn. Ràmọ́nì mú ìwé Màdáàmù, ó fi nù ún.

Nígbà tó dé Èkó, kò dúró mu omi. Ó wọkọ̀ Ìbàdàn, láti Ìbàdàn ó wọ lọ́rì tó ń kó gbágùúdá. Lọ́rì ọ̀hún lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbín kan fi kọjá wọn, tó tún dúró kí wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló dé Ìṣẹ́yìn, àpò ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ tó fi wọ ojúde Ládòkun.

Ó bá èèyàn níbẹ̀. Àwọn àgbà ilé jókòó sórí ẹní, aṣọ náà wà níwájú wọn, awẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tó rìnrìn àjò dé Jámánì tí Ràmọ́nì fà lé wọn lọ́wọ́ ló mú un pé mẹ́rìndínlógún géérégé. Bàbá Ládòkun ti rí ìyókù nínú àpótí Àyìnkẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mọ́ládé jókòó lápá kan, ó ń wo ilẹ̀. Àyìnkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn obìnrin ilé. Ó ti rù díẹ̀. Nígbà tó rí Ràmọ́nì, ó gbé ọwọ́ ságbọ̀n.

Bàbá Ládòkun kì í pariwo. Ó kí Ràmọ́nì káàbọ̀, ó béèrè àlàáfíà àwọn òyìnbó. Ó wá gbé ìka lé aṣọ náà.

"Awẹ́ mẹ́sàn-án yìí, ọwọ́ ẹ ni. Méje yìí, ọwọ́ Mọ́ládé ni. Mo ti ń hun aṣọ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ, mi ò lè ṣì í. Mọ́ládé, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Mọ́ládé ò dáhùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé dídákẹ́ ẹ̀ yẹn ń dùn ún. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń wo Àyìnkẹ́, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ọ̀rẹ́ ẹ̀ yá ju tiẹ̀ lọ ni. Bó bá sọ òótọ́, nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ á bọ́. Bó bá dákẹ́, kò purọ́.

Irọ́ ti wà lẹ́nu Ràmọ́nì ní tiẹ̀. Ó ti pọ́n, ó kù kó já. Kó ní òun ti hun mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún kó tó lọ, òun kàn fi méje pa mọ́ ni, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ọwọ́ Mọ́ládé, torí kò sí ọwọ́ tí òun ò lè ṣe. Àwọn àgbà yẹn ì bá gbà á gbọ́, wọ́n ti gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Àyìnkẹ́ náà mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn. Ìdí tó fi kó awẹ́ mẹ́fà yòókù pa mọ́ gan-an nìyẹn, kí Ràmọ́nì lè dé kó kó wọn jáde bíi tiẹ̀.

Ràmọ́nì wo aṣọ náà. Ó rò ó bí ọmọ yẹn á ṣe jókòó sórí òfì lọ́sàn-án gangan nígbà tí àwọn bàbá bá lọ kírun, tí òwú á máa já, tí á máa fi eyín gé e, awẹ́ méje. Ó gbé irọ́ yẹn mì.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi," ló wí. "Kì í sì ṣe ọwọ́ Mọ́ládé. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, ẹ wo kókó ẹ̀, Bàbá."

Kò dárúkọ ẹnì kankan, torí iṣẹ́ náà kì í ṣe tiẹ̀.

Bàbá Ládòkun yí i. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fi ìka pa kókó kan, òmíràn, òmíràn. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, nígbà tó sì gbé e, ẹnu ọ̀nà ló wò.

"Èmi ni, Bàbá," Àyìnkẹ́ wí. Ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. "Ọjọ́ ń lọ, kò sì tíì dé. Mo ká òwú fún Mọ́ládé lọ́fẹ̀ẹ́ látẹ̀ẹ̀rùn, ó sì kọ́ mi."

Mọ́ládé mí kanlẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun kò fi ọwọ́ kan aṣọ náà, àní òun kò jẹ́ kí èékánná òun kàn án. Ó sọ ọ́ bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀.

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀kan ní irọ́ ni, ọwọ́ obìnrin ò lè gbá òwú le báyẹn. Bàbá Ládòkun ní kí Àyìnkẹ́ lọ jókòó. Ó lọ. Ó gun òfì Ràmọ́nì, ó sọ ọ̀kọ̀ òwú sọ́tùn-ún, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ sósì, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà na ọrùn wò ó. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ògiri dákẹ́. Òwú kan já, Àyìnkẹ́ so ó, ó fi eyín gé e, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Àgbà kan ló tún béèrè: ẹni tó bá parí aṣọ ni wọ́n ń fi ìyàwó fún, ta ni kí wọ́n wá fi eléyìí fún?

"Ohun tá a sọ náà la sọ," Bàbá Ládòkun wí. "Òun ló parí ẹ̀, òun ló ni ara ẹ̀. Àyìnkẹ́, ta ni ká fi ẹ́ fún?"

Àyìnkẹ́ ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní Ràmọ́nì ni. Ó ní ṣùgbọ́n òun máa jókòó sórí òfì nílé ọkọ, kí Ràmọ́nì sọ níbẹ̀, kí gbogbo ẹbí gbọ́, bóyá ó gbà.

Wọ́n kọjú sí Ràmọ́nì. Ó lọ síwájú òfì, ó fọwọ́ pa awẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Nǹkan tó sọ, kò tíì sọ ọ́ nípa ẹnikẹ́ni láyé ẹ̀ rí.

"Ó dáa ju tèmi lọ," ló wí. "Mo gbà, Àyìnkẹ́ mi."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kángun sí ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì. Mọ́ládé ló rán awẹ́ aṣọ náà pọ̀, ó tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ó jẹun díẹ̀ níbi ìyàwó, ó sì lọ sílé kí wọ́n tó ṣe tán. Ìyá Ràmọ́nì wá láti Ṣakí. Ó wo aṣọ lára ìyàwó títí, ó ní òun ò rí ibi tí ọwọ́ kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni, ó rí i, gbogbo èèyàn ló rí i.

Lálẹ́, Ràmọ́nì jẹ́wọ́ fún Àyìnkẹ́ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jẹun àti ìwé tó fi nu kọfí. Àyìnkẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó ní kókó wọ̀nyẹn ni lẹ́tà òun, òun rò pé ahunṣọ á mọ̀ pé kó wo ẹ̀yìn aṣọ.

"Ìbínú ò jẹ́ kí n wò ó," Ràmọ́nì wí. "Jọ̀ọ́, olówó orí mi... áà, mo ṣì í pè, aya mi."

"Ó ṣe díẹ̀ ná," Àyìnkẹ́ wí, ó fa etí ẹ̀. "Sún mọ́bí, olùfẹ́ mi."

Òfì méjì ló wà lójúde wọn báyìí, wọ́n kọjú síra. Àwọn obìnrin Adó-Àwáyè tó ń bọ̀ láti ọjà a máa dúró wò wọ́n. Nígbà míràn ọ̀kan nínú wọn á sọ ẹrù, á béèrè bí wọ́n ṣe ń gbá a. Wọ́n ní nígbà tí Ràmọ́nì bá hun awẹ́ kan, Àyìnkẹ́ ti hun méjì. Ràmọ́nì ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ní ọ̀kan àbọ̀ ni.